Ọ̀pẹ Tó Fọhùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjà Aswani, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ wá. Kí oòrùn tó yọ ni àwọn alábàárù ti ń pariwo pé, "Ẹ yà o, ẹrù ń bọ̀!" Òkìríkà, báàgì, bàtà, aṣọ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á ti kún ilẹ̀ títí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn àgbà ọjà sọ fún wa pé ara ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ń jẹ́ Aswani, tó wà ní àdúgbò náà láyé ọjọ́un, ni ọjà ti mú orúkọ. Abẹ́ agboòrùn búlúù kan ni màmá mi máa ń jókòó sí, wọ́n ń ta aṣọ ọmọdé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìṣirò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣẹ̀.

Bàbá tó bí màmá mi ń gbé ní Ìsẹ́yìn. Nígbàkígbà tí a bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń bá àwọn àti ẹgbẹ́ wọn, nídìí ọpọ́n ayò. Ẹni tó bá dé á kí wọn pé, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!" Wọ́n á dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta. Ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n máa ń pa láyò. Èmi ni ọ̀pẹ. Bàbá kọ́ mi pé ilé méjìlá ló wà lórí ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pé ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin la fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Pé bí ọmọ tí mo jù kẹ́yìn bá sọ ilé alátakò mi di méjì tàbí mẹ́ta, mo ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Àti pé ẹni tó bá jẹ tó 25 ló borí. Ìgbà tí mo wà ní JSS3 ni mo kọ́kọ́ pa wọ́n láyò. Wọ́n ní àwọn fi sílẹ̀ fún mi ni. Mi ò gbà.

Nígbà tí mo wọ SS1, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Wọn kì í lè jáde lọ sábẹ́ máńgòrò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn kò rí ẹni bá ta ayò. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá lè fi fóònù gbá bọ́ọ̀lù, kí ló dé tí a ò ní lè fi ta ayò, kí fóònù fúnra rẹ̀ jẹ́ alátakò Bàbá? Mo wá a kiri, mo rí ayò mélòó kan lórí fóònù, ṣùgbọ́n àwọn tí mo rí kò sọ Yorùbá, wọn kò sì kí ọ̀ta. Mo pinnu pé èmi ni màá ṣe é.

Fóònù tí mo ní nígbà náà, àlòkù ni. Ọwọ́ bọ̀dá kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìsọlọ̀ ni màmá mi ti rà á, igun ojú rẹ̀ kan sì ti fọ́. Bọ̀dá yìí ló kọ́kọ́ dárúkọ Godot fún mi. Godot ni ohun èlò tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe géèmù. Ọmọ Argentina méjì, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé: ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè wo inú rẹ̀, ó sì lè tún un ṣe. Ó ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà nìkan. Ní òru ọjọ́ kan tí mo rí dátà díẹ̀ rà, mo gbà á sórí fóònù mi.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n tàn yín jẹ, kò rọrùn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀nà àti ilé sí ojú fóònù. Bí iná bá lọ, tí cháàjì bá tán, iṣẹ́ parí nìyẹn títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo wá dé ibi tí ọmọ ayò ti ń rìn láti ilé dé ilé, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ayò kan á rìn dáadáa, á dé ilé kejìlá, géèmù á sì dákú. Mo ṣe é ní ọ̀tún, mo ṣe é ní òsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lójú kan.

Bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe ló ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀. Ó fi ẹgbẹ́ kan hàn mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí àwọn tó ń dá géèmù ṣe, tí wọn kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kankan, ti ń pàdé. Mo wọlé, mo dákẹ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mò ń ka ohun tí àwọn mìíràn ń sọ. Ẹ̀rù bà mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn ń yára ju tèmi lọ. Àwọn kan níbẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Mo kọ ìbéèrè mi, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Ohun tó ń dún létí mi ni ohùn àwọn bàbá abẹ́ máńgòrò: ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo di ojú, mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ẹnì kan dá mi lóhùn. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní kí n fi kóòdù mi hàn án. Nígbà tó rí i, ó ṣàlàyé pé èmi ń ka ilé mi láti 1 dé 12, ṣùgbọ́n láti òdo ni kọ̀ǹpútà ti ń kà. Ilé kìn-ín-ní ni 0 lójú tirẹ̀, ilé kejìlá sì ni 11. Nígbà tí mo bá ní kó lọ sí 12, ibi tí kò sí ni mo ń rán an lọ. Ó wá kọ́ mi bí mo ṣe lè pín iye ilé náà sí 12 kí n sì mú ohun tó ṣẹ́kù, kí ọmọ ayò tó bá kọjá 11 lè padà sí 0 fúnra rẹ̀, bó ṣe ń yí po lórí ọpọ́n gidi. Mo ṣe é. Ọmọ ayò yí po. Mo pariwo tí màmá mi fi jí, wọ́n ní, "Kí ló dé? Ṣé olè ni?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn bí àwọn olùdá géèmù ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2009, ọmọ Sweden kan, Markus Persson, gbé géèmù kan tí kò tíì parí wá síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbá a, wọ́n sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, òun náà sì ń tún un ṣe. Géèmù náà ni Minecraft. Ní 2014, Microsoft ra ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Láti 2002 ni ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Ludum Dare ti wà: wákàtí 48 péré ni ẹni tó bá dá nìkan wọ̀ ọ́ ní láti fi ṣe géèmù kan, lẹ́yìn náà àwọn tó kópa á máa gbá géèmù ara wọn, wọ́n á sì máa sọ èrò wọn. Nígbà tí mo rí iye yẹn, mo rẹ́rìn-ín, nítorí iye ọmọ ayò náà ni.

Nílé níbí pẹ̀lú, a ò kẹ́yìn. Abiola Olaniran, tó kàwé ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀ ní 2012. Ọdún yẹn náà ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ń fi ọ̀kadà àti ẹ̀fọn àti àwọn nǹkan tí a mọ̀ ṣe géèmù. Maliyo náà ló bẹ̀rẹ̀ ètò GameUp Africa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí. Ní Kamẹrúùnù, Kiro'o Games gbé Aurion jáde ní 2016, lára owó tí wọ́n sì fi ṣe é ni èyí tí àwọn ènìyàn dá jọ fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe ń kà á ni orí mi ń wú.

Olùkọ́ Yorùbá wa ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan nípa àárò. Àwọn àgbẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra á kó ara wọn jọ, wọ́n á ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹnì kejì lọ́la, títí á fi kan gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó ń san owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ro oko rẹ̀ kò gbọdọ̀ sá nígbà tó bá kan oko ẹlòmíràn. Mo rí i pé àárò ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe. Wọn ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n bá mi ro oko tèmi jù. Ẹnì kìn-ín-ní jẹ́ ọmọ Gánà. Òwàrè ni wọ́n ń pe ayò lọ́dọ̀ wọn, ilé méjìlá náà ni, ọmọ 48 náà ni. Òun ló máa ń gbá géèmù mi, tí á sì sọ fún mi ibi tó ti dákú. Ẹnì kejì jẹ́ ọmọ Kẹ́ńyà. Ó sọ fún mi nípa bao tiwọn, tó ní ọ̀wọ́ ilé mẹ́rin àti ọmọ 64. Òun ló kọ́ mi bí fóònù á ṣe máa ronú. Ó ní kí fóònù wo ilé mẹ́fà tó lè mú, kó bi ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá mú eléyìí, kí ni alátakò mi á ṣe? Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni èmi náà á ṣe?" Bí ó bá ronú títí dé ìgbésẹ̀ kẹta, ọ̀nà 216 ló lè ní láti yẹ̀ wò. Mo rò ó pé ohun tí Bàbá ń ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n bá dákẹ́ tí wọ́n ń fa irùngbọ̀n. Apá tó ṣòro jù nínú kóòdù náà, òun ló kọ ọ́ fún mi. Ẹnì kẹta jẹ́ obìnrin ayàwòrán kan ní Brazil. Nígbà tí aago méjìlá òru bá lù ní Èkó, aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń lù lọ́dọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pàdé. Ó ya ọpọ́n ayò fún mi, ó fi àwọ̀ igi sí i, ó ya ọmọ ayò tó ń dán. Mo bi í pé èló ni. Ó ní, "Lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá wù ọ́, tà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kọ orúkọ mi sí i." Ó fi ìwé àṣẹ Creative Commons tì í, èyí tó sọ ohun kan náà lédè òfin.

Mo kọ orúkọ wọn. Mo ṣe ojú ewé kan tó máa ń hàn nígbà tí géèmù bá ń ṣí, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀. Ká ní mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn mi ì bá ti parí síbí.

Ní SS2, ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Táblẹ́ẹ̀tì tuntun ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní. Ẹ ronú nípa fóònù mi tó fọ́ nígun, ẹ ó mọ bí táblẹ́ẹ̀tì náà ṣe rí lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé òun gbọ́ pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá ṣe ni àwọn adájọ́ máa ń fẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àfihàn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì yọ ojú ewé orúkọ náà kúrò. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo sọ fún ara mi pé màá dá a padà tí àfihàn bá parí.

Lọ́jọ́ kejì, adájọ́ kan gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ta ayò díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín nígbà tí fóònù kí i pé, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ!" Ó wá wo ojú mi, ó bi mí pé, "Ṣé ìwọ nìkan lo ṣe gbogbo èyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n fún mi ní táblẹ́ẹ̀tì náà. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí mo ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé àwòrán mi àti géèmù tuntun náà lọ sínú ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n lè bá mi yọ̀. Wọ́n bá mi yọ̀ lóòótọ́. Ó di àfẹ̀mọ́jú kí àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ Brazil náà tó wọlé. Kò gùn. Ó ní, "Mo kí ọ kú oríire. Mo ṣí i, mo rí ọpọ́n mi, mo rí ọmọ ayò mi. Àwa tó bá ọ ṣe é nìkan ni mi ò rí." Ọmọ Kẹ́ńyà náà kọ ọ̀rọ̀ kan péré sábẹ́ rẹ̀: "Ó dára." Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mi ò lè jẹun. Táblẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo kọ ìdáhùn lóríṣiríṣi. Mo kọ pé àṣìṣe ni. Mo kọ pé géèmù ló pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, nítorí mo mọ̀ pé irọ́ kejì ni yóò jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo lọ bá màmá mi ní ọjà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ìyá tó ń ta báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti lọ wo ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ra báàgì méjì. Màmá mi dìde, wọ́n ná an pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni pé tiwọn ni, wọ́n gba owó. Wọn kò fi owó náà sínú àpò tiwọn. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ báàgì kan lórí àtẹ ìyá náà. Ó ti tó ìgbà ọgọ́rùn-ún tí mo ti rí wọn tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú àwọn oníbàárà. Màmá mi fà mí wọ abẹ́ agboòrùn, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ń ká aṣọ. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá ń bá ènìyàn ta ọjà, owó oníṣòwò ló máa ń kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Bí ó bá pò mọ́ tirẹ̀ tán, kò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Màmá, táblẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀ bóyá tìrẹ ni."

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé táblẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Kò sí ibi tí òfin àfihàn yẹn ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ràn yín lọ́wọ́. Ká ní o dárúkọ wọn ni, mo rò pé ìwọ náà ni à bá fún." Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù. Irọ́ tí mo pa, n kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ṣe àtùpà onítànṣán oòrùn, tó gba ipò kejì, ni wọ́n gbé táblẹ́ẹ̀tì náà fún. Níwájú gbogbo àwọn tó kópa, mo sọ ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Lálẹ́, mo dá ojú ewé náà padà. Mo pe àkọlé rẹ̀ ní "Àwọn Tó Bá Mi Ro Oko Yìí." Mo kọ sínú ẹgbẹ́ wa pé, "Mo yọ orúkọ yín nítorí ẹ̀bùn. Mo purọ́. Mo ti dá ẹ̀bùn náà padà, orúkọ yín sì ti padà síbi tó yẹ kó wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ọjọ́ méjì kọjá. Ọmọ Gánà ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní òun náà ti ṣe ohun tó jọ ọ́ rí. Ọmọ Brazil kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun ti rí i, ó dúpẹ́, ó sì tún sọ fún mi pé mo ṣi lẹ́tà kan kọ nínú orúkọ òun. Mo tún un kọ. Ọmọ Kẹ́ńyà kò dáhùn títí di òní. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́ láàrin èèyàn kì í ṣe bíi kóòdù, tí èèyàn á kàn tún kọ tí á sì padà sí bó ṣe wà.

Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, mo gbé géèmù náà lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo gbé fóònù lé Bàbá lọ́wọ́. Fóònù kí wọn, wọ́n wò yí ká bóyá ẹnì kan ló wọlé. Wọ́n ta ayò fún wákàtí kan láìsọ̀rọ̀. Wọ́n pa fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yìí ń ṣe màgòmágó."

Mo ní, "Báwo, Bàbá?"

Wọ́n ní, "Odù ni mo mú yẹn, ọmọ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí odù bá yí ọpọ́n po, a kì í ju ọmọ sínú ilé tó ti jáde. A máa ń fò ó ni. Ẹ̀rọ rẹ kò fò ó."

Òótọ́ ni. Ilé mọ́kànlá yòókù ló ń gba ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ilé tó tẹ̀lé èyí tí a ti mú ni ìkejìlá yẹ kó lọ. Èmi kò rántí òfin náà, àwọn tó sì ti gbá a kò kíyè sí i, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọmọ méjìlá ń péjọ sínú ilé kan. Ọ̀ta gidi ló rí i. Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, mo sì ṣí ojú ewé orúkọ, mo ní mo fẹ́ fi orúkọ wọn sí i. Bàbá ní kí n ka àwọn tó ti wà níbẹ̀ fún àwọn. Mo kà á: ẹni tó wà ní Gánà, ẹni tó wà ní Kẹ́ńyà, ẹni tó wà ní Brazil.

Wọ́n ní, "O ò dá a ṣe nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. N ò dá a ṣe."

Wọ́n ní, "Ó dára. Ayò ò ṣe é dá ta."

Ní báyìí mo wà ní SS3. Ìdánwò wà níwájú mi, mi ò fi bẹ́ẹ̀ ní àkókò mọ́. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń wọ inú ẹgbẹ́ wa fún wákàtí kan, kì í ṣe láti béèrè nǹkan, bí kò ṣe láti wo ẹni tó ń béèrè. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ kan kọ̀wé láti Kọ̀tọnú. Ó ní kí a jọ̀ọ́ má bínú, òun mọ̀ pé ìbéèrè òun kéré, pé òun kò mọ nǹkan kan, pé géèmù òun máa ń dákú nígbà tó bá dé òpin ìlà. Mo wo kóòdù rẹ̀. Láti 1 ló ti ń kà.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn fún un: "Ìbéèrè rẹ kò kéré. Èmi náà béèrè rẹ̀ rí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi, àti ẹni tó sọ ọ́."